Peugeot 404 bàbá mi: èwo nínú àwọn ọ̀ṣọ́ ara yìí ló jẹ́ tirẹ̀ gan-an?

ỌmọÀjàṣẹ́404 (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. 404 berline (onílẹ̀kùn mẹ́rin) tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti kúrò lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, ó ti dé ọ̀dọ̀ tólíyè (ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe) kan nítòsí Wàndò. Ẹ́ńjìnì 1618 (cc) rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ara ló kù. Wọ́n ti jó ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn pọ̀, wọ́n ti ń ha másítíìkì (ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀) àtijọ́ kúrò, a kò sì tíì fi ọ̀dà kàn án.

Ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Calandre (irin ọ̀ṣọ́ imú ọkọ̀) kò sí níbẹ̀ mọ́. Baguette (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán) kù ní ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan. Enjoliveur (ìdérí ojú táyà) ṣẹ́ ku méjì. Iná iwájú apá ọ̀tún ti fọ́, rọ́bà gíláàsì iwájú ti gan paraku. Oníṣòwò kan ní Èkó wá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: calandre méjì tí kò jọra, iná iwájú méjì, àti odidi tableau (pátákó iwájú awakọ̀) tó ní aago ìwọ̀n roboto mẹ́ta. Ó ní, "404 kan náà ni gbogbo wọn, bọ̀dá, ẹ ṣáà sanwó."

Carte grise (ìwé ọkọ̀) wa kọ 1968, ti ìgbà Dahomey ṣì ni. Tableau tó wà nínú ọkọ̀ wa kò ní aago roboto o, èyí tí nọ́ńbà eré rẹ̀ tò gbọọrọ ní ìbú ni. Ẹ̀gbọ́n kan ní bí ọkọ̀ bá jẹ́ 1968 lóòótọ́, roboto mẹ́ta ló yẹ kó ní, pé ẹnì kan ti pààrọ̀ ti wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? N ò tíì san kọ́bọ̀.

Tólíyè_Kétu (Kétu)

Àbúrò, má san án. Ọdún tó wà lórí carte grise, ọdún tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni. Kò sọ ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Láyé ìgbà yẹn ọkọ̀ lè gba ojú omi dé Kùtọ́nù kó jókòó pẹ́ kó tó rí ẹni rà á. Òmíràn, wọ́n ti lò ó ní Faransé kó tó débí. Àwọn ilé iṣẹ́ Faransé náà kì í sì í dúró de oṣù kìíní kí wọ́n tó yí àwòṣe padà: láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni àwòṣe ọdún tó ń bọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. 404 tí wọ́n tò ní oṣù kẹwàá 1966, àwòṣe 1967 ni wọ́n ń pè é.

Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe 404, 1975 ni wọ́n dá berline rẹ̀ dúró ní Faransé. Ohun tó yí padà lára rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn kò kéré. Ṣí capot (ìdérí ẹ́ńjìnì), wá plaque onírin kékeré yẹn, ka nọ́ńbà rẹ̀. Má gbé gbogbo nọ́ńbà náà síta níbí o, fi X dí ìparí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ìwé tì ná, kí o wá bi ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀: ihò tí wọ́n fi de ọ̀ṣọ́ mọ́ ọn là ń wá. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ aile (ara ọkọ̀ tó bo táyà) àti inú ilẹ̀kùn (yọ ìbòrí ilẹ̀kùn kúrò), ìwọ dúró níta. Ihò tó ṣì là á fi ìmọ́lẹ̀ hàn. Èyí tí wọ́n ti fi másítíìkì dí kò ní fi hàn níwájú, ṣùgbọ́n lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń kun ọkọ̀ kì í dé. Wo etí ihò náà dáadáa. Ihò ilé iṣẹ́ máa ń gún régé, ọ̀dà àkọ́kọ́ á sì ti wọ inú rẹ̀. Ihò tí ẹlòmíràn fi dírílì lu lẹ́yìn náà, etí rẹ̀ máa ń rí jágajàga, irin rẹ̀ máa ń wà ní ìhòòhò tàbí kó ti dógùn-ún. Èyí tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí o gbà gbọ́.

Nígbà tí o bá rí wọn, tẹ́ bébà funfun lé ibẹ̀, fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra á, gbogbo ihò á jáde lórí bébà. Wọn àárín ihò kan sí àárín ìkejì, ní mìlímítà. Fi ìwọ̀n yẹn ránṣẹ́ sí ẹni Èkó, kí òun náà fi rúlà lé ẹ̀yìn calandre rẹ̀, kó ya fọ́tò ẹ̀yìn. Fọ́tò iwájú kò wúlò. Ẹni tó bá kọ̀ láti ya ẹ̀yìn fún ọ, fi í sílẹ̀.

Sọ fún tólíyè rẹ pé kó má tíì fi sáńpépà kan ibi tí baguette ń gbà kọjá. Ọ̀dà àkọ́kọ́ máa ń pamọ́ sábẹ́ baguette. Ojú ìlà tó fi sílẹ̀ á sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí wọ́n bá ti ha á tán, kò sí ẹni tó lè dá a padà mọ́.

Ìyá_Pièce (Wàndò, Àjàṣẹ́)

Mo ń ka yín. Ẹ má sọ pé gbogbo oníṣòwò ń purọ́ o. Ẹni Èkó yẹn náà, òkìtì ló rà, ẹni tó tà á fún un náà òkìtì ló rà. Nígbà tí irin bá fi máa kọjá ibodè Ìgolo dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tó tún mọ ọkọ̀ tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí kò tíì mẹ́nu bà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, bí àwa ti ń ṣe níhìn-ín. Ọkọ̀ tó wọ ọjà wọn ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni volant (ọwọ́ ìdarí) rẹ̀ sábà máa ń wà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun ní odidi tableau 404 àtijọ́ láti Èkó, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ wo ni volant ń gbà jáde. Àwọn ọ̀pá tó ń nu gíláàsì náà, bẹ́ẹ̀ ló rí: ibi tí wọ́n ń gbá lọ yàtọ̀.

Iná iwájú ló burú jù, torí pé ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Iná tí wọ́n ṣe fún apá òsì ọ̀nà, bí o bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, òsì ló ń ju ìmọ́lẹ̀ sókè sí. Bó o bá gbé e wá sí ọ̀nà Pobẹ̀ lálẹ́, ojú ẹni tó ń bọ̀ lo máa fọ́. Lára gíláàsì rẹ̀ ni kí o ti wò: ọ̀pọ̀ wọn ní lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú róbótó. E1 ni Jámánì, E2 ni Faransé, E3 ni Ítálì, E11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ni. Ọfà ni kí o wá. Bí o bá dojú kọ iná náà, tí ọfà sì na sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ, ti apá òsì ọ̀nà ni. Bí ọfà bá lórí méjì, ó lè ṣe méjèèjì. Bí kò bá sí ọfà rárá níbi tí E wà, tiwa ni.

ỌmọÀjàṣẹ́404

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní Kétu náà, ẹ kú làálàá. Mo ti ní kí ó ya gíláàsì iná náà súnmọ́. Ọ̀kan ní E2 láìsí ọfà. Ìkejì ní ọfà tó na sí ọ̀tún! Ó sì ń ta méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìbejì.

A ó tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ òní.

Ará_Ṣábẹ̀ (Ṣábẹ̀)

Ẹ máa bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Lápá tiwa níbí, 404 bàṣé (pickup) tó ń kó iṣu lọ sí Parakou, iná rẹ̀ ti ọkọ̀ míì ni, calandre rẹ̀ irin tí aláṣọ̀pọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ni, kò sì sí ọjọ́ tó kọ̀ láti rìn. Ibi tí ọkọ̀ ti là kọjá náà ni ìtàn rẹ̀. Bàbá rẹ alára, ṣé o rò pé ó béèrè nọ́ńbà ihò kó tó ra enjoliveur lọ́jà? Fi ohun tó bá wọ̀ ọ́ sí i, kí o gùn ún lọ ṣe ọdún.

Tólíyè_Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ń sọ kò burú fún bàṣé. Ẹni tó fẹ́ jẹun, kó fi ohun tó bá rí sí i. Ẹni yìí kò béèrè bí ọkọ̀ ṣe máa rìn, ó ti ń rìn. Ó ní kí la fi mọ tirẹ̀. Ìbéèrè méjì ni.

Ará_Ṣábẹ̀

Mo gbọ́. N ò gbà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ 😄

Ọmọ_Òkè_Òkun (Lyon)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo máa ń yí ká àwọn ọjà ọkọ̀ àtijọ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n fi kún un.

Ẹ̀gbọ́n tó ní 1968 gbọ́dọ̀ ní roboto mẹ́ta kò jìnnà sí òótọ́. Àwọn 404 àkọ́kọ́ ló ní tableau oníbùú, roboto mẹ́ta wá rọ́pò rẹ̀ ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1960. Nítorí náà, ó kù sí ọdún tí wọ́n tò tirẹ. Kí o tó sọ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ tableau, wo gíláàsì ilẹ̀kùn. Ní igun ìsàlẹ̀, lẹ́bàá orúkọ ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà kan ṣoṣo sábà máa ń wà pẹ̀lú àwọn àmì tóótòòtó (bí àmì ìdánudúró). Nọ́ńbà yẹn ni ìparí ọdún tí wọ́n ṣe gíláàsì náà, àwọn tóótòòtó ló ń tọ́ka sí oṣù. Má wo ẹyọ kan, wo gbogbo wọn. Bí mẹ́rin bá sọ ohun kan náà tí ìkarùn-ún ń sọ òmíràn, ìkarùn-ún ni wọ́n pààrọ̀.

Ní ti pièce (ẹ̀yà ara ọkọ̀), nọ́ńbà Peugeot ìgbà yẹn jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin, àmì tóótó kan, nọ́ńbà méjì. Bí o bá rí i lára àpò tàbí lára irin fúnra rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì wá a nínú catalogue des pièces tó bá ọdún rẹ mu. Kì í ṣe catalogue ọdún míì o: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n ń wo ìwé 1973 láti fi tún ọkọ̀ 1964 ṣe. Ohun tí kò bá ní nọ́ńbà, wo àmì ẹni tó ṣe é. Cibié, Marchal (ológbò ni àmì tirẹ̀) àti Ducellier máa ń ṣe iná. Jaeger àti Veglia máa ń ṣe aago. Bí iná òsì rẹ bá jẹ́ Cibié, wá Cibié fún ọ̀tún, torí pé ìlà inú gíláàsì àwọn méjèèjì kò rí bákan náà, èèyàn á sì rí i láti òdìkejì títì.

Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ yẹ́lò dẹ́rù bà yín. Ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò ni òfin Faransé ní kí ọkọ̀ lò títí di 1993, gílóòbù ló sábà máa ń mú un yẹ́lò. Gíláàsì funfun tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe ti Faransé.

Bí o bá fẹ́ ìdáhùn tí kò ní àríyànjiyàn, L'Aventure Peugeot, ẹgbẹ́ tó ni mùsíọ́mù wọn ní Sochaux, máa ń kọ ìwé ẹ̀rí fún nọ́ńbà châssis. Wọ́n ń gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tó máa wà níbẹ̀ á pa ẹnu gbogbo èèyàn mọ́.

Wọ́n tún tò 404 ní Argentina fún ọdún pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn pièce ibẹ̀ ń wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí pẹ̀lú orúkọ Peugeot kan náà. Kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ti Faransé dọ́gba. Béèrè ibi tó ti wá kí o tó sanwó.

BàbáÌjàpá (Kétu)

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Volkswagen ìjàpá ni tèmi. Wọ́n ta iná iwájú fún mi tó dúró ṣánṣán, ara aile mi sì dà sẹ́yìn. Ṣé aile ni n óò yí ni àbí iná?

Tólíyè_Kétu

Iná. Ti ìjàpá ṣáájú àwòṣe 1968 ló dà sẹ́yìn pẹ̀lú gíláàsì ìbòrí, láti oṣù kẹjọ 1967 ni wọ́n ti mú un dúró ṣánṣán. Pare-chocs (bọ́ńpà) náà yí padà nígbà kan náà, ó wá di onígun. Bí aile iwájú méjèèjì bá dà sẹ́yìn, tí ihò pare-chocs sì jẹ́ ti àtijọ́, ọkọ̀ rẹ ti sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Òkè_Òkun

Bàbá, ti Volkswagen rọrùn ju ti Peugeot lọ nítorí pé nọ́ńbà pièce wọn ń sọ̀rọ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n pín in. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni irú ọkọ̀: 113 ni ìjàpá tí volant rẹ̀ wà lósì, 114 ni ti ọ̀tún. Bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8, ara ọkọ̀ ni. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú mẹ́ta ìkẹyìn, bí kò bá ṣe é pín sí méjì, òsì ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà; bó bá ṣe é pín, ọ̀tún. Lẹ́tà tó bá wà lẹ́yìn ń sọ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ohun tí Ìyá_Pièce sọ nípa Nàìjíríà ṣáájú 1972, ibẹ̀ lo ti máa rí i kedere: bí o bá rí 114, bi ara rẹ bóyá ó kàn ọ́.

BàbáÌjàpá

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti rí 114 kan nínú àpótí mi báyìí báyìí.

Kúróòmù_Pobẹ̀ (Pobẹ̀)

Iṣẹ́ dídán irin ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ohun tó ń dán lára ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà. Irin tí wọ́n fi kúróòmù bò wà, inox (irin tí kì í dógùn-ún) wà, alumíníọ̀mù wà, zamak (àdàlù tí zinc pọ̀ nínú rẹ̀) náà wà. Ọ̀nà tí à ń gbà tún wọn ṣe yàtọ̀ síra.

Mú òòfà lọ́wọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni àbí inox kan báyìí. Mo sọ "inox kan" torí pé gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé inox kì í fa òòfà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀: inox tí wọ́n sábà fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ara ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 430, máa ń fà á. Má sọ ọ́ nù nítorí ìyẹn. Wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí kò bá dógùn-ún rárá lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, inox ni. Irin oníkúróòmù á ti dógùn-ún lẹ́yìn, níbi tí kúróòmù kò bò dáadáa.

Bí òòfà kò bá lẹ̀, gbé e wò lọ́wọ́. Tó bá fúyẹ́, alumíníọ̀mù ni. Tó bá wúwo, tí èépá kéékèèké sì yọ lábẹ́ kúróòmù, zamak ni: àwọn àmì orúkọ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Inox tó tẹ̀, má pààrọ̀ rẹ̀. Fi igi sábẹ́, fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, fi sáńpépà tó ń rọ̀ sí i tẹ̀ lé e, kí o wá dán an. Á padà bọ̀ sípò ju èyí tí wọ́n ń tà lónìí lọ. Alumíníọ̀mù tó ti ṣú, awọ ààbò kan wà lórí rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kúrò kí o tó dán an. Sódà tí àwọn ìyá ń fi se ọṣẹ ló ń bó o, ṣùgbọ́n ó ń jó ara, ó lè fọ́ ojú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti jígí, kí ẹ sì ṣe é níta. Zamak tó ti yọ èépá, ká má tan ara wa, ó ṣòro. Wá òmíràn.

Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé baguette inox lọ fún un kó fi kúróòmù bò ó, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Kúróòmù máa ń ní àwọ̀ aró díẹ̀, inox kò ní. Bó o bá to méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹni tó mọ ojú á mọ̀.

ỌmọÀjàṣẹ́404

Ìròyìn dé o!

Gíláàsì: mẹ́ta nínú ilẹ̀kùn mẹ́rin sọ 5. Ìkẹrin, ẹ̀yìn ọ̀tún, sọ 1. A fi tọ́ọ̀ṣì wo aile: ihò baguette wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọ̀dà àwọ̀ eérú tó bá a wá wà nínú gbogbo rẹ̀. Níwájú, ihò calandre pé, kò sí èyí tí wọ́n lu. Ní ẹ̀yìn coffre (bùútù), lábẹ́ másítíìkì, ihò àmì orúkọ méjì hàn, àti mẹ́ta mìíràn tí etí wọn rí jágajàga.

Mo bi màmá mi nípa 1968. Wọ́n ní lọ́wọ́ òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni bàbá ti rà á.

Ọmọ_Òkè_Òkun

Ó ti yé wa nìyẹn. 5 kò lè jẹ́ 1975, nítorí carte grise ti wà láti 1968. 1965 ni. 1 yẹn sì ni 1971, torí pé 1961 kò bá àwọn yòókù mu. Ẹnì kan fọ́ gíláàsì yẹn, wọ́n fi tuntun sí i. Ọkọ̀ yín jáde ní 1965 tàbí láìpẹ́ sí i, òyìnbó yẹn lò ó, bàbá yín wá forúkọ ara wọn sí i ní 1968. Tableau oníbùú yẹn, tirẹ̀ ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́.

Ará_Ṣábẹ̀

Ẹ wò ó! Gíláàsì 1971 yẹn ńkọ́, ṣé ẹ máa ní kó fọ́ ọ torí pé kò bá ọdún mu? 😂

Tólíyè_Kétu

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn á dúró. Bàbá rẹ̀ ló fi síbẹ̀.

Ihò mẹ́ta jágajàga lẹ́yìn, àmì ọkọ̀ míì ni wọ́n kàn mọ́ ọn nígbà kan. Ẹ jó wọn dí. Ihò àmì orúkọ méjì yẹn ni kí ẹ fi wá àmì tirẹ̀. Mo tún fẹ́ kí o mọ̀ pé irú 404 kan wà tí wọ́n ń pè ní 404/8, tó lo ẹ́ńjìnì 1468 ti Peugeot 403, ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sì kéré. Tìrẹ kọ́ nìyẹn, 1618 ni o ní, ihò baguette sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé "ọ̀pọ̀ 404 kò ní baguette", òótọ́ lè ni lára tirẹ̀.

Calandre ńkọ́?

ỌmọÀjàṣẹ́404

Mo fi bébà pẹ́ńsù ránṣẹ́. Ẹni Èkó wọn ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ̀kan bá ihò wa mu délẹ̀délẹ̀. Ìkejì, tó ń dán jù, tó sì wọ́n jù, kò bá a mu níbì kankan, ó ní kí n "kàn lu ihò tuntun díẹ̀."

Ìyá_Pièce

Ẹ ò rí i? Sọ fún un pé èyí tó bá ihò yín mu nìkan lo ń mú. Ju iye tó pè lọ síbi kan ná, sọ ìdajì fún un, kí ẹ jọ máa rìn bọ̀. Iná E2 tí kò ní ọfà náà, mú un, bí àmì ẹni tó ṣe é bá jẹ́ ti òsì rẹ. Kó gbé ọlọ́fà yẹn fún ẹlòmíràn.

ỌmọÀjàṣẹ́404

Cibié ni méjèèjì, màmá. A ti dúnàá-dúrà parí.

Rọ́bà gíláàsì iwájú ló kù, àti enjoliveur méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní enjoliveur ti Peugeot 504, ó ní òun á fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Tólíyè_Kétu

Ti 504 kò ní wọ̀ ọ́. Rímù 404 berline jẹ́ ínṣì 15, ti 504 jẹ́ 14. Bó bá tilẹ̀ dúró, á já bọ́ kí o tó dé Ìṣàkẹ́tẹ̀.

Rọ́bà: má ra á lórí orúkọ. Fi abẹ gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àtijọ́, kí ojú ibi tó gé hàn, ya á lẹ́bàá rúlà. Ohun tí o ń wò ni bóyá ojú ihò kan wà níta fún baguette tó ń dán láti wọ̀. Irú méjì ló wà, èyí tó gba baguette àti èyí tí kò gbà á. Bí o bá ti fi gíláàsì sínú èyí tí kò gbà á, iṣẹ́ di méjì.

Ará_Ṣábẹ̀

Ó dáa, ẹ ti ṣẹ́gun mi. Enjoliveur 404 berline wà nílé mi, mẹ́ta, wọ́n wà lórí ògiri gáráàjì láti ìgbà tí wọ́n ta ọkọ̀ àgbà wa. Ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ létí. Màá wá sí Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé fún ìgbéyàwó. Wọn ojú àwọn tìrẹ láti etí dé etí kí n tó kó wọn wá, ṣé ẹ ti rí i báyìí, èmi náà ti ń béèrè ìwọ̀n.

ỌmọÀjàṣẹ́404

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o! Màá wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀ ọ̀la, màá fi fọ́tò rúlà ránṣẹ́. Iye tí ẹ fẹ́ gbà ńkọ́?

Ará_Ṣábẹ̀

Ra iṣu fún mi ní Wàndò.

Ìyá_Pièce

Ẹni Ṣábẹ̀ ń ra iṣu ní Wàndò? Gba owó, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó tẹ̀ létí, kí ó gbé e lọ fún Kúróòmù_Pobẹ̀ tó bá jẹ́ inox.

Kúróòmù_Pobẹ̀

Òòfà lákọ̀ọ́kọ́. Kó wò ó kó tó gbé e wá.